Ibi Tí Igi Méjì Ti Pàdé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ẹwà Àga Onígi Àfọwọ́ṣe ti Àárín Ọ̀rúndún Ogún

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ ti iṣẹ́ yín sílẹ̀ ní Òkè-Àró, ní Ìjọ̀kà àti káàkiri ìlú Àkúrẹ́ láti wá jókòó tì wá, ẹ̀yin ọmọṣẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ti gbẹ́nugbẹ́nu ni wọ́n ní kí n wá ṣe lónìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé àga yìí wá láti ilé, tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì kí ẹ lè rí abẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé a kì í sábà gbé àga wá síwájú àwùjọ kí a sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n abẹ́ àga ni ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá bàbá mi ló ni ín. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá náà. Ọ̀nà Ìdànrè ni oko rẹ̀ wà, Òkè-Àró sì ni ilé rẹ̀ wà. Ní ọdún 1954, owó kòkó gòkè lọ́jà àgbáyé dé ibi tí kò tíì dé rí, ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ agbègbè yìí kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípáànù. Bàbá kọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó kọ́ ọ tán, ó ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní àdúgbò pé kí ó wá ṣe àga mẹ́fà àti tábìlì kékeré kan sí pálọ̀. Mẹ́rin nínú àga náà ṣì wà títí di òní, tábìlì náà sì wà pẹ̀lú wọn. Ìrókò ni gbogbo wọn.

Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti pàdé igi ìdábùú. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí ara ẹsẹ̀, ó fá orí igi ìdábùú títí ó fi di ahọ́n, ó sì ti ahọ́n náà bọ inú ihò títí tó fi yọ jáde díẹ̀ ní òdìkejì. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ayùn la orí ahọ́n náà, tí ó gbá èèkàn pẹlẹbẹ kan sínú ibi tó là, kí ahọ́n lè fẹ̀ mọ́ inú ihò, kí ó má sì lè gba ibi tó bá wọlé jáde mọ́. Èèkàn náà pọ́n ju ìrókò lọ, ẹ ó rí i bí ẹ bá súnmọ́ ọn: ìlà kékeré kan ni, kò gùn ju èékánná ọmọdé lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé yìí ni àmì pẹ́ńsù wà. Ìlà kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ kìíní, méjì lẹ́bàá èkejì, mẹ́ta lẹ́bàá ẹ̀kẹta. Ti ẹ̀kẹrin ti parẹ́. Ohun tí ó fi ń mọ ahọ́n tó ni ihò nìyẹn, nítorí pé ọwọ́ ni ó fi gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan, kò sì sí méjì tí ó bá ara wọn dọ́gba pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àmì wọ̀nyí, níbi tí mo ti ń sápamọ́ sábẹ́ àga nígbà eré. Mo rò nígbà náà pé ọmọ kan bíi tèmi ló kọ wọ́n.

Ohun tí mo wá sọ kò ju báyìí lọ: ibi tí igi méjì ti pàdé ni ẹwà àga onígi àfọwọ́ṣe ti àárín ọ̀rúndún ogún wà. Níbẹ̀ ni ẹni tó ṣe é ti láǹfààní láti fi nǹkan pamọ́ fún wa, tí kò sì fi í pamọ́.

Àwọn òyìnbó ní orúkọ fún àṣà tí mo ń sọ. Mid-century modern ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1945 sí òpin àwọn ọdún 1960. Ẹ ó dá irú àga bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí ẹ bá rí i: ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kéré bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ya díẹ̀ síta bí ẹsẹ̀ ọmọ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, kò ní ọnà gbígbẹ́, kò ní wúrà lára, àwọ̀ igi fúnra rẹ̀ ni ó ń hàn, epo díẹ̀ ni wọ́n sì fi pa á. Ogun ló bí i dé ìwọ̀n kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kéré, ohun èlò wọ́n, àwọn àga ńláńlá tí àwọn bàbá wọn ń lò kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ní Amẹ́ríkà, Charles Eames àti ìyàwó rẹ̀ Ray, tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń tẹ pláíwúùdù nígbà tí wọ́n ń ṣe igi ìdè ẹsẹ̀ fún àwọn ológun ojú omi tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́, wá fi ọgbọ́n kan náà ṣe àga. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tèmi lónìí sì jẹ́ ti ọwọ́. Nítorí náà Denmark ni kí a lọ.

Orílẹ̀-èdè kékeré ni Denmark. Ohun tí ó ní ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọ iṣẹ́ dénú, tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké pẹ̀lú ọmọṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni Hans Wegner ti jáde. Ọdún 1914 ni wọ́n bí i ní Tønder, ìlú kan lẹ́bàá ààlà Denmark àti Jámánì. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, bí a ti ń mú ọmọ lọ sílé ọ̀gá níhìn-ín, títí ó fi gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ igi tán ni ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti kọ́ bí a ti ń yàwòrán ohun tí a fẹ́ ṣe. Kí ó tó kú ní ọdún 2007, àga tí ó yàwòrán rẹ̀ ti ju 500 lọ.

Ọ̀kan nínú àga wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ọdún 1949 ni ó gbé e jáde. Igi kan tó tẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ mélòó kan ni ó ń ṣe ẹ̀yìn àga náà, igi kan náà yìí ni ó sì yí wá síwájú di apá rẹ̀ méjèèjì. Kò ṣeé ṣe láti gé irú igi bẹ́ẹ̀ láti ara pákó kan ṣoṣo kí ó má ṣẹ́, nítorí pé ibi tí ó ti tẹ̀ ni iṣan igi yóò ti já. Igi mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú oríkèé tó so wọ́n pọ̀ kò tẹ́ Wegner lọ́rùn, ó sì ní kí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ wé ẹ̀yìn àga náà yí ká kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Báyìí ni àga náà ṣe kọ́kọ́ dé ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi wá ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n gé ẹnu igi kọ̀ọ̀kan bí eyín ayùn, kí wọ́n kó eyín ọ̀kan wọnú eyín èkejì bí ìgbà tí ènìyàn kó ìka ọwọ́ méjèèjì wọnú ara wọn. Nígbà tí oríkèé náà wá dára tó báyìí, ó bọ́ pankẹ́rẹ́ náà dànù. Láti ọjọ́ náà, oríkèé tí ó ti fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ síbi rẹ̀ lára àga yìí. Àwọn tó bá jókòó sórí rẹ̀ a máa fi àtàǹpàkò wá a kiri láìmọ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí John Kennedy àti Richard Nixon jọ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà láti takùrọ̀sọ nítorí ipò ààrẹ, àga Wegner yìí ni wọ́n jókòó lé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà gba òmìnira. Bàbá mi sọ fún mi pé orí àwọn àga bàbá wa ni àwọn àlejò jókòó sí lọ́jọ́ òmìnira yẹn ní Òkè-Àró, tí wọ́n ń gbọ́ rédíò. Bí mo bá rò ó báyìí, inú mi a máa dùn: ní ọ̀sẹ̀ kan náà, àwọn ènìyàn ní ìhà méjèèjì òkun jókòó sórí igi tí ọwọ́ ènìyàn so pọ̀ pẹ̀lú ihò àti ahọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà tiwa kò sì mọ orúkọ Wegner rárá.

Àga Wegner mìíràn wà tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ okùn híhun. Nǹkan bí mítà 120 okùn ni ó ń lọ sórí àga kan, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń hun ún. Bébà tí wọ́n lọ́ ni wọ́n fi ṣe okùn náà, nítorí pé koríko etí òkun tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ wọ́n nígbà ogun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń hun àga onípankẹ́rẹ́ rí ni yóò lóye iṣẹ́ yẹn láìsí àlàyé.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà, ẹni tí ó sún mọ́ ọkàn mi jù ni George Nakashima. Ọmọ àwọn ará Japan ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1905. Iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni ó kọ́. Ní ọdún 1942, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Japan ń jagun, ìjọba Amẹ́ríkà kó òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kékeré lọ sí àgọ́ ìhámọ́ ní Idaho pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹ̀yà kan. Nínú àgọ́ yẹn ni ó ti bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan pàdé tí ó kọ́ṣẹ́ ní ọ̀nà ìbílẹ̀ Japan. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti kọ́ sùúrù irin ìgbẹ́gi àti ayùn, pẹ̀lú pákó jákujàku tí wọ́n bá rí ṣà. Lẹ́yìn tí wọ́n tú wọn sílẹ̀, ó lọ dó sí New Hope ní Pennsylvania, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1990.

Pákó tí àwọn ẹlòmíràn kọ̀ ni Nakashima ń rà: èyí tó ní kókó, èyí tó lanu, èyí tí etí rẹ̀ wọ́. Kì í gé etí pákó kí ó tọ́. Ó ń fi í sílẹ̀ bí ó ti rí nígbà tí èèpo wà lára rẹ̀. Bí pákó bá sì lanu, kò ní fi àtè dí i kí ó kùn ún mọ́lẹ̀. Yóò gbẹ́ igi kan bí labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì, yóò gbẹ́ ihò tó bá a mu gẹ́lẹ́ sí ìhà méjèèjì ibi tó lanu, yóò sì gbá labalábá náà wọlé kí ó di ẹnu igi náà mú kí ó má bàa là síwájú. Àwọn bàbá wa ti mọ èyí. Igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí, ìkòkò tó fọ́ ní í gba okùn lọ́rùn. Ní ilé ìyá ìyá mi, igbá kan wà tí wọ́n ran létí ní ibi mẹ́ta, igbá náà sì ni wọ́n fi ń bu omi fún àlejò tí wọ́n bá kà sí jù lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí oríkèé fi ṣòro, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni mò ń yìn. Igi tí a gé kò tíì bá omi parí ọ̀rọ̀. Bó ti wù kí ó gbẹ tó, yóò máa mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, yóò sì máa tú u sílẹ̀ nígbà ọyẹ́. Bí ó bá mu ún, yóò fẹ̀. Bí ó bá tú u sílẹ̀, yóò sún kì. Ìbú ni ó sì ti ń fẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Gbogbo wa la ti rí i nílé: ilẹ̀kùn tí ó ń há ní oṣù keje, tí a ń fi èjìká tì, òun náà ni ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín pákó rẹ̀ wọlé ní oṣù kìíní. Àkúrẹ́ kì í ṣe ibi tí igi ti lè sinmi. Òjò ibí pọ̀, ọyẹ́ sì máa ń jà.

Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá wá kan pákó ojú tábìlì mọ́ abẹ́ rẹ̀ yíká pẹ̀lú ìṣó, pákó yóò fẹ́ sún kì nígbà ọyẹ́, ìṣó kò ní gbà fún un, yóò sì là láàárín bí ìgbà tí ẹlẹ́dùn sọ ẹdùn sí i. Ẹ wo tábìlì kékeré tó bá àwọn àga wọ̀nyí rìn. Ihò tí síkúrù gbà wọ abẹ́ rẹ̀ kò rí róbótó, ó gùn gbọọrọ bí ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, kí pákó lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ láìsí ìjà. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé igi yóò rìn, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Gọ́ọ̀mù tí ó lò pẹ̀lú jẹ́ èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran, tí omi gbígbóná lè dẹ̀ bí ọjọ́ àtúnṣe bá dé. Ó ń ro ẹni tí yóò tú u ní ọjọ́ kan kí ó tó so ó pọ̀.

Ibo wá ni ọkùnrin Òkè-Àró yìí ti rí àwòrán àga rẹ̀? Mo rò pé ara àga tí a ń pè ní PWD ni ó ti wò ó, èyí tí ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba amúnisìn kó sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba: apá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi tí ènìyàn lè gbé ife lé e, pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìjókòó àti ẹ̀yìn rẹ̀, tìmùtìmù rẹ̀ méjèèjì sì ṣeé yọ sá sí oòrùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà jókòó lórí rẹ̀ rí. Ọkùnrin wa tín-ín-rín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara tì díẹ̀ sí i, ó sì fá etí apá rẹ̀ títí ó fi rọ̀ bí etí ọṣẹ tí a ti ń lò. Ẹni kankan kò kọ́ ọ ní apá tó kẹ́yìn yìí. Láti ọwọ́ tirẹ̀ ni ó ti wá.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ igi ní agbègbè yìí kí a má dárúkọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ọ̀pọ̀ ààfin ní ìhà Èkìtì àti ní agbègbè wa kí ó tó kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1924. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ẹ. Ọba kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. N kò bá Kábíyèsí wí. Ọba ni ó ni ilẹ̀kùn rẹ̀, àga náà sì lè ti jẹ́ ohun tó níyì gidi lójú gbogbo ènìyàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé èrò tó wà nínú pàṣípààrọ̀ yẹn ṣì wà láàárín wa: pé bí ìjókòó bá máa níyì, òkè òkun ni ó ní láti ti wá.

Èmi náà ti ṣubú sínú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣègbéyàwó, mo kó àwọn àga bàbá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì ra àga onítìmùtìmù láti ṣọ́ọ̀bù kan, pẹ̀lú owó tí mo fi ọdún kan gbáko kó jọ. Ó ń dán. Àwọn àlejò yìn ín. Kò tó ọdún mẹ́ta tí ẹsẹ̀ kan fi yẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú àwọn àna wa. Nígbà tí mo ya aṣọ abẹ́ rẹ̀, mo bá pákó àpótí ọjà, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, páálí tí wọ́n fi tẹ́ ibi tó yẹ kí igi wà, àti píìnì tí n kò lè ka iye rẹ̀. Mo gbé e lọ fún káfíńtà. Ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tí mo fẹ́ di mú níbẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun tí a bá so pọ̀ dáadáa ṣeé tú, ohun tó bá ṣeé tú ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí a kàn lẹ̀ pọ̀ kí ó lè dé ọwọ́ oníbàárà, kò sí ibi tí àtúnṣe lè gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ náà ni mo kó àwọn àga bàbá padà sí pálọ̀.

Ẹnìkan á ní ìrókò ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ìrókò tó bá tó gé ti lo ju 50 ọdún lórí ìdúró, àwọn igbó ọba wa láti Ìdànrè dé Olúwa kò sì rí bí wọ́n ti rí nígbà tí a wà ní kékeré. Àwọn ará Denmark pàápàá kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí: igi tíìkì tí wọ́n fi lókìkí, láti Éṣíà ni wọ́n ti ń gbé e wá, rosewood ilẹ̀ Brazil tí wọ́n lò tẹ̀ lé e sì ti wọ́n débi pé láti ọdún 1992 ni àdéhùn àgbáyé ti fòfin de títà rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀ nígbà tí mo ń yin àga wọn. Ìdáhùn tèmi ni pé ẹni tó bá gé igi tó lo 50 ọdún kí ó tó dàgbà gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun tí yóò lo 50 ọdún, ó kéré tán. Mẹ̀línà àti tíìkì tí wọ́n gbìn sí igbó wa pẹ̀lú ṣeé lò. Mẹ̀línà fúyẹ́, ó tètè ń dàgbà, bí ó bá sì gbẹ dáadáa, ó ń gba ahọ́n àti ihò bí ìrókò. Mo ti rí i. Àfàrà àti ìdígbò ń kọ́? Igi tí ó mọ́ lójú ni àwọn méjèèjì. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù níhìn-ín ni igi tútù: a gé e lóṣù yìí, a fi ṣe ilẹ̀kùn lóṣù tó ń bọ̀, a sì ń bú igi nígbà tí ó bá wọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí a kọ́ lọ́dọ̀ Denmark, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ẹ̀kọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Láti ọdún 1927 títí dé 1966, ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Copenhagen ń ṣe àfihàn lọ́dọọdún. Nínú rẹ̀, wọ́n ń mú ayàwòrán kan, wọ́n ń mú gbẹ́nàgbẹ́nà kan, wọ́n sì jọ ń ṣe ohun kan ṣoṣo tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀. Báyìí ni Finn Juhl, tí ó jẹ́ ayàwòrán-ilé, ṣe pàdé Niels Vodder, tí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Juhl máa ń ya ohun tí igi kò fẹ́ gbà. Vodder ni yóò wá oríkèé tí yóò mú kí igi gbà. Láìsí ẹnìkan, ẹnì kejì kò lè débi tí ó dé. Nílùú Àkúrẹ́ yìí, a ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ igbó àti igi. A sì ní yín, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀nà tó wà láàárín ẹnubodè yunifásítì àti ṣọ́ọ̀bù yín kò ju ìrìn ọ̀kadà kan lọ, síbẹ̀ mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́ láì fọwọ́ kan ìfági rí, mo sì mọ ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ tí àwòrán kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 30 ọdún. Àfihàn kan ṣoṣo lọ́dún, àga mẹ́wàá péré, orúkọ méjì lábẹ́ àga kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá àwọn olùkọ́ méjì sọ ọ́, inú wọn dùn sí i. Ohun tó kù ni kí ẹ̀yin ọ̀gá náà gbà.

Mo fẹ́ kí àwọn orúkọ náà wà lábẹ́ àga ní tòótọ́. Bàbá mi ti kú, ìyá rẹ̀ ti kú, n kò sì rí ẹni tó lè sọ orúkọ ọkùnrin tó ṣe àga yìí fún mi. Àmì pẹ́ńsù mẹ́ta ni ó kù fún mi lára rẹ̀.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí ń mì. Ọyẹ́ ọdún tó kọjá ló dẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ títí di òní. Bàbá kan wà ní ìjókòó iwájú níbẹ̀ yẹn tí ó ti gbẹ́gi ju 40 ọdún lọ, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò tú oríkèé náà lójú yín, òun yóò fi hàn yín bí inú ihò rẹ̀ ti rí, òun yóò sì so ó padà. Omi gbígbóná wà nínú ife yẹn, òòlù onígi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ máa bọ̀ níwájú kí ẹ lè ríran. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àga rèé.